Ọdún tí Ilé Wa Fi Dàǹkúwà Ránṣẹ́ sí Òkè Ọya

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, owó ti wọ ìgboro débi pé rédíò mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí à ń gbé ní Òṣòdì. Yàrá kan ṣoṣo tí kò ní rédíò ni ti Bàbá Gáàdì, ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya, nítorí ó ní ariwo tí òun ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti tó òun. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù ni, àwọn fábríìkì tó wà ní Ìsọlọ̀ náà fi kún tiwọn kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà bínú, ni kóówá bá sáré lọ ra ohun tí yóò máa pariwo. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ọgbà wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni garawa ní ìdí ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn rẹ̀ ni sítóòfù tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni rédíò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á wá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan á máa kọrin, tí èkejì á máa ka ìròyìn, tí ẹ̀kẹta á kàn máa hó bí omi gbígbóná nítorí pé ẹni tó rà á kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Bí ọkọ̀ ojú irin bá wá gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, a ò ní gbọ́ ìkankan nínú wọn mọ́, a ní láti dúró kí irin sọ tirẹ̀ tán. Abọ́ Màámi á máa gbá ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi náà á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ilẹ̀ ló ń mì mí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́: ojo ni mí nígbà yẹn. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ kan irin náà rí. Àwọn ọmọ ilé wa, pàápàá Mùtíù ọmọ Bàbá Gáàdì, a máa fi etí lé e láti gbọ́ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Èmi a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀, níbi tí mo ti lè sá wọlé láìwẹ̀yìn. Mo bẹ̀rù irin, mo bẹ̀rù ajá onílé, mo bẹ̀rù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rù Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màámi, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ṣùgbọ́n tó máa ń mọ ẹni tó mú ẹran nínú ìkòkò láti orí àpótí tó jókòó sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bóyá ìkeje ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìgboyà, mi ò dé ibẹ̀.

Màámi ń ṣiṣẹ́ ṣífúù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, ní fábríìkì kan tí wọ́n ti ń hun kúbùsù ní Ìsọlọ̀. Bàámi wà pẹ̀lú tírélà rẹ̀ ní Àpápá, ó ń dúró de sìmẹ́ǹtì tí kò tán nínú ọkọ̀ ojú omi, bí àlejò la sì ṣe ń rí i. Ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀dá tó wà lókè lọ́hùn-ún ló kún inú gbogbo rédíò: òjò kọ̀, màlúù ń kú, àwọn èèyàn ń fi ilé sílẹ̀, wọ́n ń rìn lọ síbi tí wọn ò mọ̀. Rédíò mẹ́sàn-án ló sọ ọ́ fún wa láàárọ̀, mẹ́sàn-án náà ló tún un sọ nírọ̀lẹ́, mi ò sì rántí ẹnì kan ṣoṣo tó tìtorí rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Màámi á ní, “Ó mà ṣe o,” á sì ní kí n bá òun gbé iyọ̀. Kì í ṣe pé mò ń bú u. Ẹran ni èmi ń wá nínú ọbẹ̀ ní tèmi.

Bàbá Gáàdì ló kọ́kọ́ gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, ìyàwó rẹ̀ sì gbé ìrẹsì àti dòdò síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa ọmọdé ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí kì í jẹun tán láìṣẹ́kù fún wa. Ó wo ìrẹsì náà, ó sì tì í sọ́dọ̀ wa pátá. Màámi tó ń sá aṣọ dúró.

“Bàbá Mùtíù, ṣé kò sí o?”

“Kò sí nǹkan, Ìyá Rótìmí.”

“Kò sí nǹkan, ẹ wá ń wo ìrẹsì bí ẹni tí ẹ̀ ń bá jà?”

Ó ní ọkọ̀ àwọn dúró ní tẹ́ṣàn kékeré kan, lókè pátápátá, kí ọkọ̀ mìíràn lè kọjá. Ó ní àwọn obìnrin àti ọmọ wọn jáde láti inú yanrìn, wọ́n gbé abọ́ dání, wọ́n wá dúró sí abẹ́ fèrèsé. Wọn kò pariwo. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀, wọ́n bá ń pa fèrèsé dé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbà, gbà, gbà, títí ó fi kan ibi tí òun jókòó sí. “Obìnrin kan wà lábẹ́ fèrèsé tèmi, ó pọ́n ọmọ. Kò tilẹ̀ na abọ́ náà sí mi. Ó kàn gbé e dání. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi, Ìyá Rótìmí. Mo pa fèrèsé dé.” Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Àwa ọmọ jẹ ìrẹsì náà tán, ẹ má tan ara yín jẹ.

Àmọ́ ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ sí ohun tí Màámi gbọ́. Màámi gbọ́ nípa obìnrin tó pọ́n ọmọ. Èmi gbọ́ pé irin kan náà tó gba ẹ̀yìnkùlé wa ló lọ tààrà dé ọ̀dọ̀ ebi. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi: ọkọ̀ ń lo bí ọjọ́ méjì kó tó débẹ̀, ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ tọ irin náà bọ̀ lè lo oṣù kan. Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn elébi á dé Òṣòdì, ilé wa ni wọ́n á sì kọ́kọ́ yà, nítorí òun ló sún mọ́ irin jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo búrẹ́dì pamọ́ sínú bàtà ilé ìwé mi. Mo ń jẹun àjẹyó bí ẹni tó ń di ẹrù. Màámi ní ara ọmọ òun ti ń yá, kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń bọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi gbé agolo bisikíìtì ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan, kó tó da gàrí sínú omi gbígbóná, kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú agolo yẹn. Bó bá kún àpò kan, Bàbá Gáàdì á gbé e lọ fún àwọn èèyàn abẹ́ fèrèsé. Inú ọ̀pọ̀ ló dùn sí i, nítorí ẹ̀kúnwọ́ gàrí kò pa ẹnikẹ́ni lára lọ́dún yẹn. Ẹni tó takò ó ni Bọ̀dá Sùnkánmi, akọ̀wé sítọ́ọ̀ ní fábríìkì kan ní Ìsọlọ̀, àpọ́n tó ń gbé yàrá iwájú, tó ń wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga àti ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ omi ló ti dá Màámi dúró.

“Ìyá Rótìmí, ẹ má bínú o. Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ níbẹ̀.”

“Mi ò mọ ẹnì kankan.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ yín?”

“Ibo ni wọ́n ti máa mọ̀ mí?”

“Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ bá kú lọ́la, wọn ò ní sunkún.”

“Bí mo bá kú lọ́la, ṣé ìwọ Sùnkánmi á sunkún?”

Gbogbo ìdí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Sùnkánmi ní òun á sun díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ó ní kò sẹ́ni tí ìyà ará ọ̀nà jíjìn ń dùn lóòótọ́, pé àwọn èèyàn kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ara wọn bí ẹni rere. “Lánàá yìí rédíò ní ọkọ̀ ojú omi rì nílùú òyìnbó, èèyàn bá a lọ. Kí lẹ ṣe? Ẹ ní kí Rótìmí gbé ata wá. Mo gbọ́ yín.”

Mo rò pé Màámi á bínú. Ó gbé garawa rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ kí ẹlòmíràn lè gbé tirẹ̀ síbẹ̀. “Òótọ́ lo sọ. Mo ní kó gbé ata wá. Sùnkánmi, mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí ibi ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Mùtíù máa ń lọ sí ibi èyí. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ọ̀nà rẹ̀ gbà. Àwáwí wo ni mo fẹ́ wí?”

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti di ìdíje. Bọ̀dá Sùnkánmi ní gàrí náà kò ní kọjá Ìbàdàn, Màámi ní yóò dé ọwọ́ obìnrin tó pọ́n ọmọ. Gbogbo ilé mọ̀ pé bí kò bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Sùnkánmi ni yóò máa jẹ́ òótọ́ nínú ọgbà wa títí. Èmi mọ̀ ju ìyẹn lọ ní tèmi: bí kò bá débẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá jẹ wá nìyẹn. Bí Màámi bá ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, méjì ni mo máa ń bù. Ó ń yìn mí níwájú àwọn èèyàn pé ọmọ òun láàánú. Mo gba ìyìn náà, mi ò dá a padà títí di òní.

Àpò kún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá Àgbà kò sí nílé ní gbogbo àsìkò yẹn, ó lọ sí Ìkìrun lọ wo àbúrò rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé tí Bàbá Gáàdì máa rìn ló dé, ó fi ọwọ́ kan àpò náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Gàrí ni, Màmá,” Màámi dáhùn, ayọ̀ ń bẹ lójú rẹ̀. “A fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí òjò kò rọ̀ fún.”

“Ẹ ṣeun. Omi wo ni wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́?”

Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ti rò ó débẹ̀. Àgbàlagbà tó tó ogún ló ń gbé ilé yẹn. Akọ̀wé wà níbẹ̀, Bàbá Gáàdì fúnra rẹ̀ ti fi ojú rí ilẹ̀ gbígbẹ náà. Gbogbo wa, tí à ń gbé ìdí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bu gàrí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún àwọn tó jẹ́ pé omi gan-an ni wọn kò ní. Bọ̀dá Sùnkánmi rẹ́rìn-ín títí bàtà fi gbé e ṣubú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. “Ẹ tún fi sítóòfù kún un! Ẹ fi ọṣẹ náà kún un, kí wọ́n lè fọ abọ́!” Màámi fi àpò náà sílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ni mo bá bú sẹ́kún. Mo ní, “Wọ́n á wá! Wọ́n ti ń bọ̀ lójú irin, wọ́n á jẹ wá tán!” Bí gbogbo ilé ṣe mọ ohun tó ń ṣe mí nìyẹn. Mùtíù sọ fún wọn nípa búrẹ́dì inú bàtà. Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, èmi sì ń wá ihò tí mo lè wọ̀. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sí ìdí rẹ̀, ó ní, “Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, òun nìkan ló gbà pé àwọn èèyàn yẹn ní ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, inú rédíò ni wọ́n wà lọ́dọ̀ yín.” Ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà Màámi, ó gbé ohùn sókè. “Àdùkẹ́, jáde síta. Mo ní omi wo ni wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, mi ò ní kí ẹ má ránṣẹ́. Kí ni èèyàn lè jẹ láìsí omi?”

Ìyàwó Bàbá Gáàdì, Ìyá Mùtíù, ló rí i. Sábó ní Ìbàdàn ló dàgbà sí, láàárín àwọn Haúsá. “Dàǹkúwà!” ló pariwo. Àgbàdo yíyan, ẹ̀pà yíyan, kí wọ́n gún un pọ̀, kí wọ́n mọ ọ́n róbótó. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ omi, kì í sì í tètè bàjẹ́. Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, Màámi ti gbé àpò gàrí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ oníhóró ní ọjà Òṣòdì, ó ti fi pààrọ̀ àgbàdo àti ẹ̀pà. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, òórùn ilé wa dé ojú irin. Wọ́n ń yan, wọ́n ń fẹ́, wọ́n ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta, odó ń dún. Ìwọ̀n ṣúgà, Màámi kò wọ̀n ọ́n. Ṣúgà pọ̀ nínú gbogbo ilé lọ́dún yẹn, a sì rò pé ẹni tí ìyà ti jẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ohun tí kò dùn. Àwa ọmọ ń mọ ọ́n, Ìyá Àgbà sì ti kéde pé ẹni tó bá lá ìka, òun á gbọ́. Mi ò lá a. Kì í ṣe ìwà rere. Mo fẹ́ kó pọ̀, kí wọ́n lè yó síbi tí wọ́n wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Bọ̀dá Sùnkánmi jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró lé wa lórí. “Ẹ wo ohun tí ẹ̀ ń ṣe. Ọ̀kan tóbi bí orí Rótìmí, ọ̀kan kéré bí ìgboyà rẹ̀.” Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó jókòó. “Kì í ṣe pé mo gbà fún yín o. Bí a bá máa ṣe wèrè, kó dọ́gba.” Ṣé ẹ mọ̀ pé kò dìde títí ó fi tán? Ó tún kó páálí mẹ́fà wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, tó ní wọ́n fẹ́ dáná sun, àti ọ̀rá tí a fi dì í ní mẹ́rin mẹ́rin.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé ló lọ sí tẹ́ṣàn Òṣòdì, àwọn obìnrin ru páálí, èmi sì di ìró Màámi mú gírígírí. Ọkọ̀ wọlé, ilẹ̀ mì, mo di ojú. Nígbà tí mo là á, Bàbá Gáàdì ń bá ẹnì kan tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù inú ọkọ̀ náà jiyàn. Kò sáyè. Fíríìjì àti fáànù àti rédíò ńlá ló kún inú rẹ̀, ó ń lọ bá àwọn olówó tó wà lókè. Ọkọ̀ kò ní pẹ́ rárá. Màámi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí àwọn èrò wà. Wọ́n rí àwọn obìnrin tó ru páálí, wọ́n rò pé a fẹ́ di ẹrù lé wọn lórí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa fèrèsé dé. Gbà, gbà, gbà. Mo rí ojú Bàbá Gáàdì. Bọ̀dá Sùnkánmi kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ìyá Rótìmí, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Màámi sọ páálí kalẹ̀, ó fa ẹnu rẹ̀ ya. Ó mú ọ̀rá kan, ó lọ kan fèrèsé tó sún mọ́ ọn. Obìnrin sísanra kan ṣí i díẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn, màmá. Ẹ bá mi gbé èyí dání. Kì í ṣe tiyín o. Ẹni tó bá gbé abọ́ wá sí abẹ́ fèrèsé yín lókè lọ́hùn-ún, òun ló ni ín.”

“Èyí nìkan?”

“Èyí nìkan ni.”

“Kí ló wá wúwo níbẹ̀?” Obìnrin náà ṣí fèrèsé dé ìsàlẹ̀. “Ẹ mú méjì wá! Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ṣí fèrèsé, kì í ṣe ẹrù, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán wa!”

Àfi bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de ẹni tó máa rán wọn níṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Fèrèsé ń ṣí, ọwọ́ ń yọ. “Tèmi dà?” “Ẹ má fo ibí yìí o!” “Ìyá, mò ń sọ̀ ní Ìlọrin, ta ni kí n fi lé lọ́wọ́?” “Fi lé ẹni tó bá gba àyè ẹ lọ́wọ́!” A ń sáré láti fèrèsé dé fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò tó àwọn tó jókòó sí apá kejì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Mùtíù ti gbé mi láti ẹ̀yìn, wọ́n ti gbà mí láti inú, mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú páálí kan láyà. Mi ò ráyè bẹ̀rù lákọ̀ọ́kọ́. Mo ń pín, mo ń wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe tiyín o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe tiyín,” ìgbà tí mo sì na èyí tó gbẹ̀yìn ni fèrè fọn. Ọkọ̀ fò díẹ̀. Tẹ́ṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́yìn.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ṣòkòtò mi tutù. Mo rí i kedere pé èmi ni ebi náà wá mú, pé èmi tí mo ti ń sá fún wọn láti oṣù kan ni mo ń gbé ara mi lọ bá wọn. Mo kígbe débi pé obìnrin sísanra náà fi ọwọ́ di etí. Ó fi ọwọ́ kan gbé mi, ó yọ mí síta láti fèrèsé bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ gbọ̀n. Nísàlẹ̀, Bọ̀dá Sùnkánmi ń sáré pẹ̀lú ọkọ̀ nínú bàtà gíga yẹn, ṣòkòtò rẹ̀ ń fẹ́ bí àsíá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo, “Jù ú sílẹ̀! Màmá, ẹ ju ọmọ náà sílẹ̀!” Wọ́n jù mí. Ó hán mi. Gìgísẹ̀ bàtà kan ṣẹ́, àwa méjèèjì yí gbirigbiri nínú eruku. Gbogbo tẹ́ṣàn hó yèè. Bàbá Gáàdì ń ju àsíá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ̀rín ń pa á lọ. Ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, mi ò rí fèrèsé kan ṣoṣo tó pa dé.

Ní báyìí tí mo ti di bàbá arúgbó ní Ìsọlọ̀, àwọn ọmọ àbúrò mi ra fóònù kan fún mi tó ń fi àwòrán hàn. Ìyà ayé wọ inú rẹ̀ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì: ilé tó wó, omi tó gbé èèyàn lọ, ọmọ tí mi ò mọ ìlú rẹ̀. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tì wọ́n lọ sókè, mo sì ń bá oúnjẹ mi lọ. Àwọn ọmọ náà máa ń bi mí léèrè bóyá ẹnikẹ́ni bìkítà lóòótọ́ nípa ẹni tí kò mọ̀. Mi ò mọ̀. Màámi bìkítà. Ní tèmi, ìbẹ̀rù ni, ti Bọ̀dá Sùnkánmi sì jẹ́ pé kò lè fara da kí nǹkan má dọ́gba. Ṣùgbọ́n mo rántí pé dàǹkúwà tí ìbẹ̀rù mọ àti èyí tí àánú mọ, ọ̀rá kan náà la dì wọ́n sí, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà lọ tán, a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bọ̀dá Sùnkánmi, tó ti ń wọ sálúbàtà lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ tí bàtà rẹ̀ ṣẹ́, ní àwọn èrò á ti jẹ ẹ́ tán kó tó dé Abẹ́òkúta. Kò fi ariwo sọ ọ́ mọ́. Bí Màámi bá ti dé láti ṣífúù, ìdí ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án, Bàbá Gáàdì wọlé. Gbogbo yàrá tú jáde. Ó ní kí wọ́n bu omi ìwẹ̀wọ́ wá. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó jẹun, jẹ́jẹ́, títí abọ́ fi funfun, kò kù fún ọmọ kankan, àwa sì dúró lé e lórí bí ẹni tó ń wo sinimá.

“Bàbá Mùtíù, ẹ̀yin yìí!” Màámi kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ó débẹ̀,” ó ní. “Bàbá kan jẹ tirẹ̀ kó tó dé Ọ̀fà. Ojú tì í, ó ra búrẹ́dì dípò. Àwọn tó ń sọ̀ ń fi lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàlàyé fún ara wọn. Nígbà tí a dúró ní tẹ́ṣàn yẹn, kí àwọn obìnrin tó jáde tán, gbogbo fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Àwọn èrò ló ń pè wọ́n.” Ó nu ẹnu. “Mo rí i. Obìnrin tó pọ́n ọmọ. Ọmọ náà wà láàyè.”

Màámi fi ọwọ́ bo ojú.

“Mo fún un. Ó gé ọ̀kan jẹ. Ó fún ọmọ. Ó pe èkejì rẹ̀, òun náà gé e jẹ. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n wá kọjú sí mi, ó bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní àwọn ìyá ilé mi ni, ní Èkó. Ó ní kí n kí yín, ó dúpẹ́, ó ṣe àdúrà tó gùn. Lẹ́yìn náà…” Ó ń wo ilẹ̀.

“Lẹ́yìn náà kí ni?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Ó ní kí n má bínú. Ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù. Ó ní ata ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá, pé ta ló ń ṣe dàǹkúwà láìfi ata ilẹ̀ sí i?”

“Ó ní kí ni?” Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí. Ìyá Mùtíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fatafata pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sábó nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó máa kọ́ òun ní dàǹkúwà. “Obìnrin yẹn ò kúkú tijú!” ni Bọ̀dá Sùnkánmi ń pariwo. “Èmi fúnra mi ni mo mọ ọ́n, ó dọ́gba! Bàbá Gáàdì, ṣé ó sọ pé kò dọ́gba?” Wọ́n ń bínú sí i bí ẹni ń bínú sí ayálégbé yàrá kejì. Màámi sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, omijé ń bọ́, ó di òpó mú, ó ń wí pé, “Ata ilẹ̀! Ó ní ata ilẹ̀ ni!” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan, mi ò bẹ̀rù obìnrin náà mọ́. Ìyá ni, bíi ti ilé wa, tí kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn láìwá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tí Bọ̀dá Sùnkánmi ti ọjà dé, ó gbé ata ilẹ̀ tó kún apẹ̀rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà gba odó lọ́wọ́ gbogbo wa. Ó ń gún un pẹ̀lú ìbínú, ó ń dá sọ̀rọ̀: “Ó fẹ́ ata ilẹ̀. Á jẹ ata ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Á jẹ ẹ́ dé ibi tó máa rántí mi.” Ata náà gba afẹ́fẹ́, ó wọ yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àwọn rédíò ń ka ìròyìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí gbogbo ilé ló ń sín, tí a sì ń rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀.